Ṣáàtì Íńdíà, ọmọ Ìkòròdú: bí a ṣe ń ka BMI ọmọdé

Bí ẹ bá tẹ kílò àti gíga ọmọ yín sínú fóònù, kí ẹ tó ṣẹ́jú, nọ́ńbà kan ti yọ: òun ni BMI, ìwọ̀n tó ń fi ìwúwo ọmọ wé gíga rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan á tẹ̀ lé e: ó rù, ó sanra jù, ó dáa. Ohun tí fóònù kì í sọ ni ẹni tó fa ìlà tó fi ń dájọ́. Ẹ jẹ́ ká mú ọmọbìnrin ọmọ ọdún 17 kan ní Ọdọ́ńgúnyàn, tí BMI rẹ̀ jẹ́ 24. Ṣáàtì àwọn dókítà ọmọdé ilẹ̀ Íńdíà á ní ó ti sanra jù. Ti Àjọ Ìlera Àgbáyé á ní kò sí nǹkan tó ṣe é, nítorí 24.5 ni ìlà tiwọn fún ọjọ́ orí yẹn. Ọmọ kan náà ni, ara kan náà ni, ìdájọ́ sì di méjì. Kò sí èyí tó purọ́ nínú àwọn méjèèjì. Ṣùgbọ́n ìyá tí kò mọ ìdí rẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í fa oúnjẹ sẹ́yìn lẹ́nu ọmọ tí kò ṣàìsàn kankan, ìyẹn ló sì jẹ́ kí n kọ èyí.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Ẹ fi gíga ọmọ ní mítà pín kílò rẹ̀. Ohun tó bá jáde, ẹ tún fi gíga yẹn kan náà pín in. Ọmọ tó wọn kílò 20, tó sì ga ní sẹ̀ǹtímítà 115: ẹ fi 1.15 pín 20, 17.39 ló jáde. Ẹ tún fi 1.15 pín 17.39, ó di 15.1. Adolphe Quetelet, ará Belgium, ló gbé ìṣirò náà jáde ní 1832 nígbà tó ń wádìí bí ara ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe rí lápapọ̀. Kì í ṣe dókítà, kò sì fi í tọ́jú aláìsàn. Ní 1972 ni Ancel Keys, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, sọ ọ́ ní orúkọ tí a ń pè é lónìí. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí BMI kò mọ ọ̀rá yàtọ̀ sí eegun, kò sì mọ eegun yàtọ̀ sí ẹran ara. Ìwúwo lórí gíga ni gbogbo ohun tó mọ̀.

Ibi tí nǹkan ti ń bàjẹ́ jù lọ kì í ṣe ìṣirò o. Ibi tí wọ́n ti ń wọn gíga ni. Ẹ wo ọmọbìnrin ọdún 8 kan tó wọn kílò 26, tí gíga rẹ̀ gan-an jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 125. BMI rẹ̀ jẹ́ 16.6, kò sì sí wàhálà. Bí wọ́n bá wọ̀n ọ́n pẹ̀lú ṣùkú gogoro lórí, tí gíga rẹ̀ fi di 129, BMI á wálẹ̀ sí 15.6. Bí ó bá tẹ orúnkún, tó tún sorí kọ́, tí wọ́n fi ka 121, á di 17.8. Ìlà ìsanra Àjọ Ìlera Àgbáyé fún ọmọbìnrin ọdún 8 sì jẹ́ 17.7. Sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin péré ló sọ ọmọ tí kò ní nǹkan kan di ẹni tó sanra jù. Ìdí ni pé ẹ̀ẹ̀mejì ni gíga wọ inú ìṣirò náà; àṣìṣe kékeré níbẹ̀ á ṣe iṣẹ́ méjì.

Nítorí náà, ẹ má fi téèpù télọ̀ wọn gíga, torí ó ń nà. Téèpù irin tí káfíńtà ń lò ló dáa. Ẹ wá ògiri tó dúró ṣánṣán, níbi tí táìsì kò yọ síta nísàlẹ̀, nítorí bí táìsì bá yọ, gìgísẹ̀ ọmọ kò ní kan ògiri. Ẹ lẹ téèpù mọ́ ògiri kí òdo rẹ̀ kan ilẹ̀ gan-an. Ọmọ á bọ́ bàtà àti ìbọ̀sẹ̀. Bí irun rẹ̀ bá jẹ́ ṣùkú tàbí tí wọ́n fi irun àtọwọ́dá dì í, ẹ dúró di ọjọ́ tí wọ́n bá tú u. Gìgísẹ̀, ìdí, èjìká àti ẹ̀yìn orí á kan ògiri; ojú á máa wo iwájú gbọọrọgbọ, kì í ṣe òkè, kì í ṣe ilẹ̀. Ẹ ní kó mí kanlẹ̀. Ẹ wá gbé ìwé ẹlẹ́yìn líle lé e lórí, kí ẹ̀gbẹ́ ìwé náà lẹ̀ mọ́ ògiri bí igun ilé, kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ títí á fi kan agbárí. Ẹ bẹ̀rẹ̀ kí ojú yín bá ìlà náà dọ́gba kí ẹ tó kà á. Ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Bí méjèèjì bá fi ju ìdajì sẹ̀ǹtímítà yàtọ̀ síra, ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kẹta.

Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 2, ìdùbúlẹ̀ la ti ń wọ̀n ọ́n, lórí pákó tó ní ibi tí orí fi tì, pẹ̀lú ẹni méjì: ọ̀kan á di orí mú, èkejì á na orúnkún. Gígùn ìdùbúlẹ̀ fi nǹkan bí 0.7 sẹ̀ǹtímítà ju ti ìdúró lọ. Ọmọ tí wọ́n wọ̀n ní ìdùbúlẹ̀ lóṣù tó kọjá, tí wọ́n wá wọ̀n ní ìdúró lóṣù yìí, á dà bíi pé ó kúrú sí i.

Òṣùwọ̀n kílò náà ní tirẹ̀. Orí sìmẹ́ǹtì tàbí táìsì ni kó wà, kì í ṣe orí kápẹ́ẹ̀tì. Kí ẹ tó gbà á gbọ́, ẹ gbé kẹ́ẹ̀gì òfìfo lé e, ẹ kọ ohun tó sọ; ẹ wá fi ike lítà kan bu omi sínú kẹ́ẹ̀gì náà lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ẹ tún gbé e lé e. Kílò 10 ló yẹ kó fi lé. Báàgì píọ̀-wọ́tà ológún náà yẹ kó jẹ́ kílò 10, ṣùgbọ́n n kò ní fi ọkàn tán an, torí ọ̀rá míì kì í kún. Kí ọmọ wọ aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ nìkan. Yunifọ́ọ̀mù, bẹ́líìtì àti sánńdà iléèwé lè fi kílò kan lé e.

Ó dáa, ẹ ti ní nọ́ńbà tòótọ́. Nọ́ńbà yẹn kò tíì sọ nǹkan kan. Fún àgbàlagbà, 25 ni 25 ní ọdún 30 àti ní ọdún 50. Ti ọmọdé kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹ mú BMI 18 kan ṣoṣo. Ọmọbìnrin ọdún 5 tó ní 18 ti sanra jù. Ọmọbìnrin ọdún 10 tó ní 18 wà ní àlàáfíà. Ọmọbìnrin ọdún 17 tó ní 18 tínrín díẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tíì dé ibi tí à ń pè ní rírù. BMI ọmọ a máa ga lọ́mọ ọwọ́, á wá máa wálẹ̀ bó ṣe ń rìn tó ń sáré, á dé ìsàlẹ̀ pátápátá láàárín ọdún 4 sí 6, lẹ́yìn náà á tún bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè títí dìgbà àgbà. Ìyẹn ni pé ọmọ ọdún 5 tí egungun ìhà rẹ̀ hàn díẹ̀, tó ń sáré káàkiri àgbàlá, kò gbẹ. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ọ̀pọ̀ ìyá ló ń ra oògùn ajẹ́unwuni ní àkókò yìí gan-an. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Ọmọ tí BMI rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè kí ó tó pé ọdún 5 ló yẹ kí ẹ ṣọ́, torí irú wọn ló sábà máa ń sanra jù tí wọ́n bá dàgbà.

Ìlà tí wọ́n fà sórí ṣáàtì ló ń sọ ohun tí nọ́ńbà túmọ̀ sí. Lórí ti Àjọ Ìlera Àgbáyé, ìlà òdo ni àárín gbùngbùn; +1, +2, -2 àti àwọn yòókù ń sọ bí ìlà kọ̀ọ̀kan ṣe jìnnà sí i, sókè tàbí sísàlẹ̀. Láti ọdún 5 sí 19, ọmọ tó bá kọjá +1 ti sanra jù, èyí tó kọjá +2 ti wọ ìsanra tó jẹ́ àìsàn. Èyí tó bá wà lábẹ́ -2 ti rù, èyí tó wà lábẹ́ -3 rù gan-an. Ṣùgbọ́n fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5, +2 ni ìsanra jù ti bẹ̀rẹ̀, +3 sì ni àìsàn ìsanra. Ẹ má fi òfin àwọn ẹ̀gbọ́n wọn dá wọn lẹ́jọ́. Fún ọmọkùnrin ọdún 8, àárín jẹ́ 15.7, +1 jẹ́ 17.4, -2 sì jẹ́ 13.3. Fún ọmọkùnrin ọdún 10, ó di 16.4, 18.5 àti 13.7. Ẹ rí i pé nọ́ńbà kékeré ni wọ́n, wọn ò jọ ti àgbàlagbà rárá.

Báwo wá ni Íńdíà ṣe fa ìlà tirẹ̀? Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti dùn mọ́ mi nìyí. Láàárín 1997 sí 2003, Àjọ Ìlera Àgbáyé wọn nǹkan bí ọmọ 8,500 ní orílẹ̀-èdè mẹ́fà: Brazil, Gánà, Íńdíà, Norway, Oman àti Amẹ́ríkà. Àwọn ọmọ tí wọ́n fún lọ́mú bó ṣe yẹ, tí ìyá wọn kì í mu sìgá, tí ilé wọn kò ṣe aláìní ni wọ́n mú. Ọmọ Accra àti ọmọ Delhi ga bákan náà pẹ̀lú ọmọ Oslo títí di ọdún 5. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìlú sí ìlú kò tó nǹkan. Inú iṣẹ́ yẹn ni ṣáàtì 2006 ti jáde, òun sì ni káàdì àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ wa níhìn-ín ń tẹ̀ lé. Àwọn dókítà Íńdíà náà ń lo òun kan náà fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5.

Lẹ́yìn ọdún 5 ni ọ̀nà ti pín. Ara ọmọ Íńdíà máa ń kó ọ̀rá pamọ́ sínú ikùn ju bí ìwúwo rẹ̀ ṣe fi hàn lọ. Àwọn olùwádìí ní Pune nílẹ̀ Íńdíà fi ọmọ tuntun tiwọn wé ti Southampton nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: kílò 2.7 ni àwọn ọmọ Pune wọn ní ìpíndọ́gba, ti Southampton jẹ́ 3.5. Àwọn ọmọ Pune tínrín lápá, wọ́n tínrín níkùn, ẹran ara wọn kò tó nǹkan, síbẹ̀ ọ̀rá ẹ̀yìn wọn kò dín tó bẹ́ẹ̀. Tínrín ni ojú rí, ọ̀rá ló wà lábẹ́ awọ. Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá dàgbà, àtọ̀gbẹ àti ẹ̀jẹ̀ ríru lè bá a ní BMI tí kò tíì dé 25. Ìdí nìyẹn tí ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé ilẹ̀ Íńdíà fi gbé ṣáàtì tiwọn jáde ní 2015, fún ọdún 5 sí 18. Dípò kí ìlà ìsanra parí sí 25 lọ́dún 18, wọ́n fà á kó parí sí 23. Ti àìsàn ìsanra parí sí 27 dípò 30. Ó bọ́gbọ́n mu fún àwọn ọmọ tí wọ́n torí wọn fà á. Fún ọmọ Ìkòròdú, Àgbọ̀wá tàbí Ìjẹ̀dé, ti Àjọ Ìlera Àgbáyé ni kí ẹ lò, kí ẹ sì wo orí ṣáàtì tí fóònù yín ń lò kí ẹ tó gba ìdájọ́ rẹ̀.

Ohun tí àwa àti Íńdíà jọ ní ni ọmọ tí kò ga tó ọjọ́ orí rẹ̀. NDHS ti 2018, ìwádìí tí wọ́n ṣe nílé dé ilé lórí ìlera àwọn ará Nàìjíríà, rí i pé 37 nínú ọmọ 100 tí kò tíì pé ọdún 5 ní Nàìjíríà ló kúrú ju ọjọ́ orí wọn lọ. Irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ ní Íńdíà, NFHS-5 ti 2019 sí 2021, rí nǹkan bí 36. Níbí ni BMI ti ń tan ènìyàn jẹ jù. Ẹ wo ọmọkùnrin ọdún 5 kan tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 100, tó wọn kílò 17. BMI rẹ̀ jẹ́ 17.0, ó ti kọjá 16.6 tí í ṣe +1. Fóònù á ní ó sanra jù. Àwọn àdúgbò á ní ó rí rọ̀bọ̀tọ̀, pé ìyá rẹ̀ ń tọ́jú rẹ̀. Ṣùgbọ́n 110 ni àárín gíga fún ọjọ́ orí yẹn, 100.7 sì ni ìlà -2. Ọmọ náà kúrú ju bó ṣe yẹ lọ, kílò rẹ̀ gan-an kò tó 18.3 tó jẹ́ àárín. Bí ẹ bá dín oúnjẹ rẹ̀, ẹ ti dá kún ìṣòro rẹ̀. Ẹyin, ẹja àti ẹ̀wà ló ń fẹ́, kí ẹ sì dín bísíkíìtì àti ṣúgà rẹ̀ kù. Ìdí rèé tí n kò fi ní gbà kí ẹnikẹ́ni ka BMI láìka gíga sí ọjọ́ orí lákọ̀ọ́kọ́.

Ọdún méjì àkọ́kọ́ ni gíga ti ń sọnù jù, oúnjẹ sì lọ́wọ́ nínú rẹ̀. Oṣù mẹ́fà gbáko, ọmú nìkan: kò sí omi, kò sí àgbo. Lẹ́yìn ìyẹn, ògì ṣẹ́kẹ́ṣẹ́kẹ́ tó ń ṣàn bí omi kò lè tọ́ ọmọ. Ikùn ọmọ oṣù mẹ́fà kéré. Omi ló kún un, kò sí agbára nínú rẹ̀. Kí ògì ki tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi ní tètè ṣàn kúrò lórí ṣíbí bí ẹ bá dà á. Ẹja gbígbẹ láti Ìpakodò tàbí Bàyékù, tí ẹ yọ egungun rẹ̀ tán, tí ẹ gún kúnná, ṣíbí kan nínú abọ́. Edé lílọ̀, ẹ̀pà tí ẹ lọ̀ kúnná bíi bọ́tà, epo pupa díẹ̀, tàbí ẹyin tó jinná: ọ̀kan tàbí méjì nínú wọn lójoojúmọ́. Ìkókorẹ́ tí ẹja pọ̀ nínú rẹ̀, tí ata rẹ̀ kò pọ̀, dára fún ọmọ tó ti ju oṣù mẹ́sàn-án lọ. Ọmọ oṣù 6 sí 8 á jẹ ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́, láti ṣíbí oúnjẹ méjì sí mẹ́ta títí dé ìdajì ife 250 mílílítà. Láti oṣù 9, ẹ̀ẹ̀mẹta sí ẹ̀ẹ̀mẹrin. Tó bá ti pé ọdún kan, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ife sí ife kan odidi, pẹ̀lú ọmú.

Ọmọ wẹ́wẹ́ tí ẹ kò lè gbé dé orí òṣùwọ̀n, téèpù apá ń ṣiṣẹ́. Láti oṣù 6 sí 59, wọ́n á wọn àárín apá òsì. Sẹ̀ǹtímítà 12.5 sókè ni àwọ̀ ewé, 11.5 sí 12.4 ni àwọ̀ yẹ́lò. Ohun tí kò tó 11.5 ni pupa, ilé ìwòsàn sì ni lójú ẹsẹ̀. Ẹ tún fi àtàǹpàkò tẹ òkè ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta. Bí ojú ibi tí ẹ tẹ̀ bá jìn, tí kò padà, omi ti dúró sára ọmọ náà. Kílò rẹ̀ lè dáa, BMI rẹ̀ lè dáa, omi ni wọ́n ń wọ̀n. Ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ náà.

Fún ọmọ tó ti kọjá ìlà ìsanra ní tòótọ́, ẹ má fi ebi pa á. Bó bá ti ju ọdún 6 lọ tí ìsanra náà kò pọ̀, ẹ jẹ́ kí kílò rẹ̀ dúró sójú kan kí gíga rẹ̀ lé e bá. Ọmọkùnrin ọdún 8 tó ga ní 130, tó wọn kílò 31, BMI rẹ̀ jẹ́ 18.3. Ọmọ ọjọ́ orí yẹn máa ń fi sẹ̀ǹtímítà 5 sí 6 ga lọ́dún. Bó bá di 136 tí kílò rẹ̀ ṣì jẹ́ 31, BMI rẹ̀ á di 16.8, ìlà +1 ọdún 9 sì jẹ́ 17.9. Ó ti padà sílé láìjẹ́ pé ó fi kílò kan sílẹ̀. Ohun tí ẹ máa kọ́kọ́ yọ ni ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Ẹ yí ìgò rẹ̀ wò: bí wọ́n bá kọ ọ́ pé ṣúgà gíráàmù 10 wà nínú mílílítà 100, gíráàmù 50 ló wà nínú ike 50cl, ìyẹn ju ṣíbí tíì méjìlá lọ. Ẹ má gbàgbé eré. Wákàtí kan lójúmọ́ ni ọmọ ọdún 5 sí 17 nílò láti sáré kó làágùn. Ọmọ tí kẹ̀kẹ́ Márúwá gbé lọ sí iléèwé láàárọ̀, tó ti ibẹ̀ wọ lẹ́sìnnì títí di aago márùn-ún, tí kẹ̀kẹ́ tún gbé dé iwájú tẹlifíṣọ̀n, ìgbà wo ló máa sáré? Èmi á ní kí ẹ yọ ọjọ́ méjì kúrò nínú lẹ́sìnnì yẹn.

Bí ẹ kò bá ní òṣùwọ̀n, okùn òwú á ràn yín lọ́wọ́. Ẹ gé okùn tó gùn tó ọmọ láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, ẹ ṣẹ́ ẹ po sí méjì, ẹ fi yí ikùn rẹ̀ ká lókè ìdodo díẹ̀ nígbà tó bá mí síta. Bí okùn náà kò bá ká ikùn ọmọ tó ti ju ọdún 5 lọ, ọ̀rá ti pọ̀ níkùn rẹ̀, ohun yòówù kí BMI sọ. Ẹ wo ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ pẹ̀lú, àti abẹ́ apá. Bí awọ ibẹ̀ bá dúdú, tó nípọn bí àrán, tí ìyá ń fi kàn-ìn-kàn-ìn bó o láràárọ̀ tí kò lọ, ìdọ̀tí kọ́. Ara ọmọ náà ti ń tiraka láti lo ṣúgà tó ń jẹ. Ẹ dá kàn-ìn-kàn-ìn dúró, kí ẹ ní kí dókítà yẹ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò.

Lóṣooṣù ni kí ẹ máa wọn ọmọ títí á fi pé ọdún kan, lóṣù mẹ́ta mẹ́ta títí di ọdún 2, lẹ́yìn náà lóṣù mẹ́fà mẹ́fà. Ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ wọ̀n ọ́n, kílò rẹ̀ àti gíga rẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà kan lẹ́yìn ojúàmì, bíi 115.2, kí ẹ sì fi àmì sí i tó bá jẹ́ ìdùbúlẹ̀ ni. Ọmọ tó ń tẹ̀ lé ìlà tirẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, bí ìlà náà tilẹ̀ wà nísàlẹ̀ díẹ̀, kì í já mi láyà. Èyí tó kúrò lórí ìlà kan bọ́ sórí òmíràn láàárín oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà, ìbáà jẹ́ sókè tàbí sísàlẹ̀, ni kí ẹ mú lọ sí ilé ìtọ́jú, pẹ̀lú káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ àti gbogbo ohun tí ẹ ti kọ sílẹ̀.